Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọ̀nà tí dátà ń gbà nínú kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt ló ń gbé Aluu, láptọ́ọ̀pù sì ni irinṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá tú u, ẹ wo bọ́ọ̀dù rẹ̀ dáadáa: ẹ ó rí àwọn ìlà bàbà tín-ín-rín tó gba ibi gbogbo kọjá. Lára wọn ni bọ́ọ̀sì wà, ìyẹn ọ̀nà tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà fi ń kàn sí mẹ́mọ́rì àti àwọn ẹ̀yà yòókù.

Àwọn wáyà kan nínú bọ́ọ̀sì ń gbé àdírẹ́sì, àwọn kan ń gbé dátà, àwọn kan ń sọ bóyá kíkà ni tàbí kíkọ. Iye wáyà àdírẹ́sì ló ń pinnu bí mẹ́mọ́rì ṣe lè pọ̀ tó. IBM PC ọdún 1981 ní 20, kò sì lè dé ibi tó kọjá báìtì 1,048,576. Wáyà dátà rẹ̀ kò ju 8 lọ.

Ṣé kí wọ́n kàn máa fi wáyà kún un ni? Rárá o. Bí eré bá ti pọ̀ jù, àwọn bíìtì tó jọ gbéra kì í jọ dé mọ́. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì òde òní tó ń jẹ́ PCI Express fi ń tò wọ́n tẹ̀ léra lórí wáyà díẹ̀, pẹ̀lú eré burúkú.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra SSD, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú dátà sí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Èyí tó ń gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní SATA kì í kọjá nǹkan bíi 550 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní NVMe, tó ń gba PCI Express, lè kọjá 3,000. Àwọn méjèèjì lè jọra lójú, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí láptọ́ọ̀pù yín ń gbà kí ẹ tó sanwó.