Ta ló fẹ́ lo ọjà tí wọ́n ní kí àbúrò mi bá àwọn rà?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò mi kan tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ ka òfin." Lóòótọ́ ni mo ka òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun báyìí. Àmọ́ nínú ẹbí tiwa, ẹni tó bá ti ka òfin, lọ́yà ni títí ayé.

Ohun tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi ò ju ojú ìwé méjì lọ. Oníbàárà kan tí kò fojú rí rí, tó ní Dubai lòun wà, fẹ́ kó fi orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ra àwọn ṣíìpù kan ní Yúróòpù. Oníbàárà ló máa san gbogbo owó. Ọjà náà ò ní dé Èkó rárá, Dubai ló máa gbà kọjá lọ sí Kyrgyzstan. Iṣẹ́ àbúrò mi ò ju kó buwọ́ lùwé pé Nàìjíríà níbí lòun ti fẹ́ lò ó, kó sì gba owó alágbàtà rẹ̀. Owó ọ̀hún ju èrè tó ń jẹ ní ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́fà lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìbọn o. Ṣíìpù lásán ni. Irú ẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ."

Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ sì wà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Gina Raimondo, tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣòwò Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ fáwọn aṣòfin pé àwọn ará Ukraine ń tú ohun ìjà Rọ́ṣíà palẹ̀, wọ́n sì ń bá ṣíìpù tí wọ́n yọ lára fìríìjì àti ẹ̀rọ ìfọbọ́ nínú ẹ̀. Àwọn kan jiyàn lórí ti fìríìjì yẹn. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀ ni pé wọ́n ń bá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ táwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣe nínú mísáìlì Rọ́ṣíà, àti nínú drone Shahed, iṣẹ́ ọwọ́ Iran. Ẹ má gbàgbé pé ó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún tí Amẹ́ríkà ti ń fi òfin dè é pé kẹ́nikẹ́ni má ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Iran.

Ọjà olójú méjì lèmi ń pe irú wọn: ojú kan ń wo ilé, ojú kejì ń wo ogun. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, Amẹ́ríkà, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, Bìrìtìkó àti Japan jókòó, wọ́n to irú ọjà bẹ́ẹ̀ 50 jọ, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí ni kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ Rọ́ṣíà. Tẹ́ ẹ bá ń wá ìbọn níbẹ̀, ẹ ò ní rí i. Ṣíìpù ló wà lókè pátápátá. Bíárìn táwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ bí ẹní mowó náà wà níbẹ̀.

Kí wá ni ti Kyrgyzstan? Ìlú náà wà nínú ẹgbẹ́ ìṣòwò kan náà pẹ̀lú Rọ́ṣíà àti Kazakhstan, bodè kan náà ni wọ́n ń lò. Ọjà tó bá ti wọlé síbẹ̀ lè máa lọ sí Mọscow wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsan owó bodè. Kété tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ Rọ́ṣíà ni ọjà tí Yúróòpù ń tà fún Kyrgyzstan ré sókè lójijì, àfi bíi pé gbogbo ìlú náà dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ. Turkey, Hong Kong àti Dubai náà wà lójú ọ̀nà yìí. Gbogbo ibi tí ọjà bá ti pààrọ̀ ọwọ́ ni wọ́n ti ń kọ ìwé ọjà tuntun, títí tí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tà á á fi pòórá.

Àbúrò mi bi mí pé ṣé òfin Nàìjíríà sọ pé kóun má bá Rọ́ṣíà ṣòwò ni. Mo ní rárá. Èyí tí ìgbìmọ̀ ààbò àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé bá fọwọ́ sí ló de Nàìjíríà, Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn márùn-ún tó lè fagi lé ìpinnu níbẹ̀, ta ló fẹ́ fìyà jẹ ara ẹ̀? (Rọ́ṣíà tún wà nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè 42 tí wọ́n ń pè ní Wassenaar, tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1996 láti máa ṣọ́ ọjà olójú méjì. South Africa nìkan ló wà níbẹ̀ láti Áfíríkà.)

Ṣùgbọ́n mo ní kó tún ìwé yẹn kà. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ni wọ́n ní kó buwọ́ lù, láti ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2024 ni òfin Yúróòpù ti ní kí ẹni tó bá ń ta irú ọjà yìí sílẹ̀ òkèèrè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó rà á ò gbọ́dọ̀ tún un tà sí Rọ́ṣíà. Àdéhùn yẹn ló máa dè é. Ààrẹ Biden náà ti buwọ́ lu àṣẹ kan lóṣù Kejìlá ọdún 2023 pé báǹkì ilẹ̀ òkèèrè tó bá gbówó fún irú òwò bẹ́ẹ̀ lè pàdánù ọ̀nà tó ń gbà ná dọ́là. Báǹkì wo ló máa torí ṣọ́ọ̀bù kan n'Íkẹjà fi dọ́là sílẹ̀?

Ká sòótọ́, òfin má-tà-fún-un yìí ò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ èmi náà nínú. Lọ́dún 1877, Ààrẹ Látòósà rán àwọn ará Ìbàdàn lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, làwọn Ẹ̀gbá bá dá wọn lọ́nà, wọ́n ti ojú ọ̀nà, Ìjẹ̀bú náà sì ti tiwọn. Torí ẹ̀tù ni o, àmọ́ ojú ọ̀nà yẹn kan náà ni iyọ̀ ọbẹ̀ ń gbà wọ̀lú. Lẹ́yìn tí Iraq gba Kuwait lọ́dún 1990, kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi di ohun tí wọ́n ń fura sí, nítorí pé wọ́n ti fi gáàsì ẹ̀ pa ọmọ ogun ní Ypres lọ́dún 1915. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló mu omi tí kò dáa. Denis Halliday tó ń bójú tó ètò ìrànwọ́ àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé níbẹ̀ fi ìbínú fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1998. Saddam jókòó sórí àga ní tiẹ̀ títí di ọdún 2003.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé ilé iṣẹ́ ńlá tó ṣe ṣíìpù ti jẹ èrè tirẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àbúrò mi yìí fi dúró de ọjà tó fẹ́ tà fáwọn ọmọ yunifásítì gan-an, torí báǹkì ń bi í pé ta ló fẹ́ lò ó.

Síbẹ̀, mo ní kó má buwọ́ lù ú. Mo ní kó gbé ti òfin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó ro ti ilé gogoro kan ní Kharkiv tí drone já lù lóru, táwọn èèyàn sùn sí. Àwọn tó ń tú àfọ́kù ẹ̀ palẹ̀ ń ka nọ́ńbà ara ṣíìpù, wọ́n sì ń tọpa ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó yẹn pọ̀ o." Mo ní mo mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó pè mí padà pé òun ti sọ fún oníbàárà náà pé òun ò ṣe. Mo ní kí lẹni yẹn wí. Ó ní kò bínú rárá, ó kàn béèrè bóyá òun mọ ẹlòmíì ládùúgbò yẹn tó ní ilé iṣẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀.