Èdè-Ìperí fún Ìtọ́jú Ọkàn nípa Ìfikùnlukùn

1.0 Ìfáárà

Fífi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kì í ṣe ohun àjèjì láwùjọ Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè-ìperí tí a ó fi máa kọ́ni nípa rẹ̀, tí a ó sì fi máa túmọ̀ ìwé rẹ̀, kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni orúkọ ẹni tí ń tọ́jú, orúkọ ẹni tí a ń tọ́jú, àti orúkọ ìwà tí ó yẹ kí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Kì í ṣe àríyànjiyàn orí ìwé lásán. Orúkọ tí a bá fún ìtọ́jú lè mú kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jáde wá gba ìrànwọ́, ó sì lè mú kí ó fara pamọ́. Títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, òfin ọdún 1958 ni ó de ọ̀rọ̀ náà ní Nàìjíríà. Lunatic ni òfin náà ń pe aláìsàn, èyí tí kò sì yàtọ̀ sí wèrè létí ọmọ Yorùbá.

2.0 Ìpìlẹ̀ Èrò Náà

Ní ọdún 1951 ni Carl Rogers, onímọ̀ nípa ìwà àti ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé rẹ̀, Client-Centered Therapy, jáde. Èrò rẹ̀ ni pé agbára àti dàgbà wà nínú ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó ní ẹni tí ń tọ́jú gbọ́dọ̀ ní kí agbára náà lè jí: òtítọ́ inú, ìtẹ́wọ́gbà tí kò ní àdéhùn nínú, àti òye ohun tí ń ṣe ẹni náà bí ẹni náà ti rí i. Ní 1979, Edward Bordin fi kún un pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ń lọ àti iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe kí wọ́n tó débẹ̀, kí ìfẹ́ sì so wọ́n pọ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí ohun tí ó súnmọ́ èyí. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti dá ètò abúlé sílẹ̀ ní Aro, ní Abẹ́òkúta. Aláìsàn ń gbé láàrin àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ìbátan rẹ̀ kan ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ń lọ gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán. Lambo tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìtọ́jú náà di àjọṣe, kò dá lé dókítà nìkan.

3.0 Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀

3.1 Ẹni tí ń tọ́jú. Bí a bá pè é ní oníṣègùn, ohun tí ó hàn ni pé òun nìkan ni ó ní oògùn, gbígbà ni ti ẹnì kejì. Bí a bá pè é ní olùdámọ̀ràn, bí ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè ti ń ṣe, a sọ ọ́ di ẹni tí ń la ọ̀nà fún ẹlòmíràn, ohun tí Rogers sì kọ̀ gan-an nìyẹn. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára jù: fikùnlukùn, èyíinì ni kí ènìyàn méjì súnmọ́ra kí wọ́n jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Nítorí náà, ìtọ́jú ìfikùnlukùn ni a lè pe iṣẹ́ náà, kí a sì pe ẹni tí ń ṣe é ní olùbánirò.

3.2 Ẹni tí a ń tọ́jú. Aláìsàn mú àrùn lọ́wọ́. Oníbàárà mú ọjà lọ́wọ́. Bí ohùn rẹ̀ bá sì yẹ̀ díẹ̀, ó di ẹni tí ń ṣagbe. Ọlọ́rọ̀ ni ó yẹ jù, nítorí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń dùn ún. Lóòótọ́, ó bá orúkọ olówó dọ́gba ní ìró, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ̀lú olùbánirò, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní fara sin.

3.3 Ọ̀yàyà. Warmth kò ṣe é túmọ̀ sí ìgbóná. Ara gbígbóná, àìsàn ni. Ìlú tí ó gbóná, ìlú tí kò fara rọ ni. Ìtura ni Yorùbá ń wá. Ọ̀yàyà, tí a fi ń gba àlejò, ni ó bá a mu, bí a bá rántí pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan: a lè fi ọ̀yàyà gba ẹni tí ń sunkún.

3.4 Ìfọ̀rànrora-ẹni-wò. Èyí ni empathy. Ó yàtọ̀ sí àánú, tí ń ti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó sì yàtọ̀ sí ìbákẹ́dùn, níbi tí ẹ̀dùn ti lè gbé àwọn méjèèjì lọ.

4.0 Lílò Wọn

Bí olùkọ́ àgbà kan ní Ijapo Estate, ní Àkúrẹ́, bá ní oorun kò kun òun mọ́ nítorí iṣẹ́, olùdámọ̀ràn lè ní, “Ẹ gba ìsinmi.” Olùbánirò yóò ní, “Ó dà bí ẹni pé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, mà, síbẹ̀ ó ti sú yín. Èwo ni kí á kọ́kọ́ jọ yẹ̀ wò?” Ẹ àti yín inú ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, pípe ara ẹni lórúkọ lè fi ìdọ́gba hàn. Láàrin Yorùbá, kí tọ̀tún-tòsì jọ máa pe ara wọn ní ẹ ni ó fi í hàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

5.0 Ìkádìí

Ní 2006, ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti máa jókòó ti ọlọ́rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Bẹ́ǹṣì ìlera ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ pè é. Àwọn ìyá àgbà ní kò sí ẹni tí yóò jókòó lé e, ó sì di bẹ́ǹṣì ọ̀rẹ́. Èdè Shona ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà: kufungisisa, àrònújù, ni orúkọ àìsàn; kuvhura pfungwa, ṣíṣí ọkàn payá, ni orúkọ ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní. Ohun tí Shona ṣe, Yorùbá lè ṣe é. Ó kù sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè láti dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì àti nílé ìwòsàn. Èyí tí ẹnu ọlọ́rọ̀ bá gbà ni kí ó dúró.