Bí A Ṣe Ń Dí Ihò Ara Bọ́ńpà Oníke

Ká ní ẹ jáde láàárọ̀, ẹ bá a pé ẹnì kan ti gbá ọkọ̀ yín lẹ́yìn mọ́jú. Bọ́ńpà ti là, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ sì wà lára rẹ̀. Ẹ má tíì sáré lọ ra tòkúnbọ̀. Ike ni bọ́ńpà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, ike sì ṣeé tún ṣe bí ẹ bá mọ irú èyí tó jẹ́.

Oríṣi méjì ni ike. Ọ̀kan dà bí àbẹ́là: iná bá kàn án, á yọ́, ó bá tutù, á tún dì. Thermoplastic ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ike ayọ́. Èkejì dà bí ẹyin sísè: bó bá ti dì, kò sí iná tó lè sọ ọ́ di olómi mọ́, àfi kó jóná. Thermoset ni tiẹ̀. Ike aláìyọ́ là ó máa pè é. Ara ọkọ̀ Corvette tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1953, ike aláìyọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Trabant, ọkọ̀ Ìlà-Oòrùn Jámánì àtijọ́.

Láti mọ tiyín, ẹ tú bọ́ńpà náà, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ nu ẹrẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Ẹ ó rí lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. PP ló wọ́pọ̀ lára bọ́ńpà, ABS ló wọ́pọ̀ lára ike ọ̀kadà. Ike ayọ́ ni méjèèjì.

Bí lẹ́tà bá ti pa rẹ́, ẹ fi ọ̀bẹ fá bíńtín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jù ú sínú ife omi. Bó bá léfòó, PP ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá rì, ẹ kán ásítóònù sí i, èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́. ABS á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. PP kò ní mira.

Ìdí tí a fi ń wádìí tó báyìí ni pé ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Gọ́ọ̀mù lásán kì í mú PP. Ike tó bá a jẹ́ irú kan náà ló lè yọ́ wọnú rẹ̀ kí méjèèjì di ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ wá àfọ́kù bọ́ńpà tó ní lẹ́tà kan náà. Ẹ gé àbùlẹ̀ tó bá ihò náà mu lára rẹ̀, ẹ sì gé ìyókù tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sìpàgẹ́tì.

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ bọ́ńpà tinú-tòde, kó gbẹ dáadáa. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀.

Níbi tí lílà náà parí sí, ẹ lu ihò tó tó milimítà 3. Ihò yìí ni kò ní jẹ́ kó là síwájú mọ́, bí ìgbà tí télọ̀ bá ta kókó sí ìdí òwú.

Ẹ to àbùlẹ̀ sójú ihò ńlá náà, ẹ fi téèpù mú un níwájú. Láti ẹ̀yìn bọ́ńpà, ẹ fi irin gbígbóná, irú èyí tí atún-rédíò-ṣe fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, tẹ nẹ́ẹ̀tì onírin tí kì í dípẹtà wọnú ike. Nẹ́ẹ̀tì yìí ni eegun iṣẹ́ náà.

Ẹ wá yí i padà, ẹ ṣí téèpù, ẹ gbẹ́ ojú ìpàdé wọn bí poro tóóró, kí ẹ yọ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ náà sínú rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ara bọ́ńpà pàápàá gbọ́dọ̀ yọ́. Bó bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló yọ́, á dà bí àbẹ́là tó kán sórí àwo: èékánná lásán á ṣí i. PP ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 160 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Bí èéfín bá ti ń rú, iná ti pọ̀ jù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ má baà fa èéfín náà símú.

Bó bá ti tutù fúnra rẹ̀, ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi tẹ́jú. Kí ẹ tó kùn ún, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ ti ike sí PP lára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà á bó bí èèpo àlùbọ́sà.

Ti ike aláìyọ́ ńkọ́? Iná kò wúlò fún un. Ẹ ha ẹ̀gbẹ́ ihò náà kó rí hàràhàrà, kí ẹ fi aṣọ fáíbà àti gọ́ọ̀mù olómi rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele.

Ẹ̀yin náà ti rí i báyìí pé òkìtì bọ́ńpà fífọ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kì í ṣe pàǹtí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé àbùlẹ̀.