Ẹ má kánjú gun orí ọmọ ìka o! Bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ kọ́ ijó bálẹ́ẹ̀tì nìyí

Inú òjò lọmọ ọ̀hún wà, kò wọ bàtà, ilẹ̀ tútù rinrin, síbẹ̀ ṣe ló ń yí bí òkòtó. Lọ́dún 2020 ni fídíò Anthony Mmesoma Madu, ọmọ ọdún 11, gbayé kan láti Àjàǹgbádì, l'Ékòó. Ìgbà tó fi máa di 2021, ó ti rí ilé ẹ̀kọ́ Elmhurst Ballet School wọ̀ ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé idán ni. Kì í ṣe idán rárá, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Leap of Dance Academy, tí Daniel Ajala dá sílẹ̀ lọ́dún 2017, ló ti kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ajala fúnra ẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń wo ijó náà kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ di ẹ̀yìn àga mú. Ẹ pa gìgísẹ̀ méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ dojú ọmọ ìka síta díẹ̀. Láti ìbàdí ni kẹ́ ẹ ti yí itan o. Ẹni tó bá fi tipátipá yí àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan, orúnkún ẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀.

Èyí tó ń jẹ́ tendu ló kàn. Èdè Faransé ni, torí Paris ni Ọba Louis Kẹrìnlá ti dá ilé ẹ̀kọ́ ijó sílẹ̀ lọ́dún 1661. Ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kẹ́ ẹ fi ìkejì wọ́ ilẹ̀ lọ síwájú. Gìgísẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbéra, ìdí àwọn ọmọ ìka á tẹ̀ lé e, títí táá fi ku ṣóńṣó ọmọ ìka nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, gìgísẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Kí orúnkún méjèèjì nà gbọnrangandan. Ẹ má ká ọmọ ìka kò bí ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ ṣa owó nílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ tẹ̀ sínú bíi dòjé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ rọra gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè. Ẹ má jẹ́ kí ara tẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ ìka kékeré, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ti máa ń rọ́. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kò gbọdọ̀ dún gbì.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an rèé. Àwọn òbí kan ń kánjú ra bàtà tí wọ́n fi ń dúró lórí ọmọ ìka fún ọmọ kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró! Eegun ẹsẹ̀ ọmọ ṣì ń dàgbà. Àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í sábà gbà á kí ọmọ tó pé nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12, ó sì gbọ́dọ̀ ti fi ọdún bíi mélòó kan kọ́ èyí tá a sọ yìí ná.

Fídíò ò lè sọ fún yín pé ẹsẹ̀ yín wọ́. Ẹ wá olùkọ́; tí kò bá tíì sí, ẹ dúró níwájú dígí. Tí oríkèé bá ń dùn yín, ẹ sinmi. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.