Iná Ara Blanka: Ṣé Ó Lè Ṣẹlẹ̀ Lójú Ayé?

Tó o bá ti gbá Street Fighter rí, o mọ Blanka. Òun ni ará Bràsíl aláwọ̀ ewé yẹn, tó kọ́kọ́ jáde nínú Street Fighter II ní 1991. Tó o bá ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ṣẹ́ léraléra, iná á bo gbogbo ara ẹ̀. Ẹni tó bá fara kàn án, eegun ẹ̀ á hàn, á sì ṣubú. Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré, Blanka ni mo máa ń mú. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ìyà fún gbogbo ayé!

Ṣé irú ẹ̀ wà lójú ayé? Ó wà. Nínú omi Amazon ní Bràsíl kan náà, ẹja kan wà tó gùn bí ejò, electric eel lorúkọ ẹ̀ lédè òyìnbó. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kéde pé irú kan nínú wọn, Electrophorus voltai, mú 860 fóólìtì jáde. Àwa náà ní òjìjí nínú odò wa; tiẹ̀ lè tó 350.

Idán kọ́ o. Sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀yà ara tó ń ṣe iná fún ẹja Amazon yìí kò ní ju nǹkan bí 0.15 fóólìtì lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló tò tẹ̀léra, bíi bátìrì tá a kì sínú tọ́ọ̀ṣì. To 6,000 jọ, o ti ní 900 fóólìtì.

Ibi tí géèmù ti parọ́ ni afẹ́fẹ́. Omi odò máa ń jẹ́ kí iná kọjá; afẹ́fẹ́ kì í gbà bọ̀rọ̀. Kí iná tó lè fo sẹ̀ǹtímítà 1 péré nínú afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́ nǹkan bí 30,000 fóólìtì. Ká ní iná Blanka ń ta jìnnà tó rúlà ọmọ iléèwé, 30 sẹ̀ǹtímítà: 900,000 fóólìtì nìyẹn! Pikachu pàápàá ò yọ. Lédè Jàpáànù, "100,000 fóólìtì" ni orúkọ Thunderbolt ẹ̀. Ṣírò ó: tó o bá ti jìnnà sí i ju sẹ̀ǹtímítà 3 àti díẹ̀ lọ, o ti bọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí géèmù ò parọ́ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ò wọ bàtà, ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù, ó di fíríìjì wa mú, wáyà kan sì ti bó nínú ẹ̀. Iná gbé e. Kò pariwo, kò sì ju ọwọ́ sílẹ̀. Ó kàn ń gbọ̀n. Mo ti na ọwọ́ láti fà á nígbà tí ìyá kan nínú ilé wa figbe ta: "Má kàn án!" Wọ́n sáré lọ pa súìṣì ńlá lẹ́bàá mítà. Àbúrò mi ṣubú, ó bú sẹ́kún. Inú mi ò dùn sí ẹkún ọmọdé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ló dé tí kò fi ju fíríìjì sílẹ̀? Yunifásítì ni mo ti wá mọ̀ ọ́n. Iná kékeré ni ọpọlọ wa fi ń pàṣẹ fún iṣan. Tí iná ńlá bá wọlé, òun ló gba àṣẹ yẹn: iṣan á sún kì, ọwọ́ á dì pa. Ní 2014, Kenneth Catania ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ẹja Amazon yẹn ṣe ń dá ẹran ìjẹ ẹ̀ dúró gan-an nìyẹn.

Kí wá ló dé tí 230 fóólìtì inú ilé fi léwu ju 860 ti ẹja lọ? Iná ẹja kì í pẹ́: ẹ̀ẹ̀kan ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Tilé ò ní dáwọ́ dúró, ó sì lè da ọkàn rú títí ọkàn á fi dákẹ́. Tó o bá fọwọ́ kan ẹni tí iná gbé, iná lè gba ara ẹ̀ bọ́ sí tìẹ, bíi ti Blanka gẹ́lẹ́.

Torí náà, pa iná ná. Tí o ò bá lè dé ibi súìṣì, dúró sórí ibi gbígbẹ, fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Tó bá sì dìde tó ní kò sí nǹkan, ẹ ṣì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Sọ fún àbúrò ẹ lónìí.