Bí Ali Bá Pàdé Tyson

Ọkùnrin kan wà tó bá Muhammad Ali jà, tó tún bá Mike Tyson jà. Trevor Berbick ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jàmáíkà ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1981, ní Bahamas, ó fi máàkì borí Ali nínú ìjà oníráúǹdì mẹ́wàá. Ní oṣù Kọkànlá 1986, ní Las Vegas, Tyson gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ òsì kan ní ráúǹdì kejì. Berbick ṣubú, ó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó tún ṣubú sí ibòmíràn, ó tún gbìyànjú, ó tún wó. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Tyson ṣe gba bẹ́líìtì àgbáyé àwọn akànṣẹ́ tó wúwo jù lọ, ọmọ ogún ọdún.

Bí a bá fi ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ ṣe é, Berbick ju Ali lọ, Tyson ju Berbick lọ, ẹjọ́ ti parí. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀ṣẹ́ tí yóò gba ìṣirò yẹn. Ali tí Berbick nà ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, ara rẹ̀ ti ń lọ́ra, ìjà tó jà kẹ́yìn láyé rẹ̀ sì ni. Ibẹ̀ ni wàhálà wà nínú eré tí àwọn olólùfẹ́ ẹ̀ṣẹ́ fẹ́ràn jù: kí a mú akànṣẹ́ ìgbà kan, kí a mú ti ìgbà mìíràn, kí a kó wọn sójú ìjà kan náà nígbà tí agbára kálukú wọn kún, kí a sì dájọ́.

Eré náà ti pẹ́. Nat Fleischer, tó dá ìwé ìròyìn The Ring sílẹ̀ ní 1922, wo ìjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jack Johnson, tó gba bẹ́líìtì ní 1908, ló fi ṣe ọ̀gá gbogbo wọn. Kò tilẹ̀ ka Ali mọ́ àwọn mẹ́wàá tó yàn. Ó jọ pé akànṣẹ́ tí èèyàn bá fi ojú ọ̀dọ́ wò kì í kúrò lójú ẹni bọ̀rọ̀.

Ní 1967, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe ètò rédíò ní Miami, Murray Woroner, gbé ìdájọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ó kó akànṣẹ́ mẹ́rìndínlógún jọ. Wọ́n bi àwọn tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀ṣẹ́ léèrè nípa agbára, ìyára àti ìfaradà kálukú, wọ́n sì da ìdáhùn wọn sínú ẹ̀rọ. Rocky Marciano ló borí nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tó na Jack Dempsey. Ní ti Ali, ẹ̀rọ náà ní James Jeffries, tó gba bẹ́líìtì ní 1899, na án. Inú bí Ali. Ó pẹjọ́ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́, ó sì bèèrè mílíọ̀nù kan dọ́là.

Fíìmù ni ọ̀rọ̀ náà yọrí sí. Ní 1969, ìjọba kò jẹ́ kí Ali jà nítorí pé ó kọ̀ láti lọ jagun ní Vietnam. Marciano jẹ́ ẹni ọdún 45, ó sì ti fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́tàlá. Wọ́n kó àwọn méjèèjì sínú ilé kan ní Miami láìsí òǹwòran. Marciano ti dín oúnjẹ kù títí ó fi fọn, ó sì fi wíìgì bo apárí rẹ̀. Bíi àádọ́rin ráúǹdì ni wọ́n ṣe, ìṣẹ́jú kan-kan, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ irọ́ lójú. Oríṣiríṣi òpin ni wọ́n yà sílẹ̀ kí àwọn méjèèjì má baà mọ ẹni tó borí. Marciano kò rí i. Ọkọ̀ òfuurufú já pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ó ku ọ̀la kó pé ẹni ọdún 46. Nígbà tí fíìmù náà dé sinimá ní oṣù Kìíní 1970, òun ló gbé Ali sùn ní ráúǹdì kẹtàlá. Òpin mìíràn ni wọ́n fi han àwọn òǹwòran kan ní Yúróòpù: níbẹ̀, Ali ló borí. Èrò àwọn òǹkọ̀wé ni wọ́n kó sínú ẹ̀rọ, èrò náà ló sì jáde, pẹ̀lú ọgbọ́n ọjà díẹ̀ lórí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ òfin tí wọn yóò fi jà. Ráúǹdì márùndínláàádọ́ta ni wọ́n dá fún ìjà tí Johnson ti pàdánù bẹ́líìtì rẹ̀ ní Havana, ní Cuba, ní 1915. Ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n ni Jess Willard tó gbé e ṣubú. Láyé Joe Louis, Marciano àti Ali, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Lẹ́yìn tí Duk Koo Kim, ọmọ Korea, kú látàrí ìjà kan ní Las Vegas ní 1982, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù sí méjìlá. Ìyàtọ̀ ráúǹdì mẹ́ta yìí tó láti yí ìtàn padà. Ní 1941, Billy Conn, tí kò tó Louis sanra rárá, ń fi máàkì ṣíwájú rẹ̀ títí di ráúǹdì kẹtàlá, níbi tí Louis ti dá a wó. Ní 1952, Jersey Joe Walcott náà ń ṣíwájú Marciano títí di ráúǹdì kẹtàlá, kí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kúkúrú kan tó fi í lé okùn. Lábẹ́ òfin òde òní, Conn ni ìbá gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Louis, Walcott ni ìbá sì mú tirẹ̀ lọ sílé. Marciano tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó ja mọ́kàndínláàádọ́ta láìpàdánù ìkankan kò bá tí wà.

Òfin nípa ẹni tó bá ṣubú náà ti yí padà. Ní Toledo, ní oṣù Keje 1919, Dempsey dúró lé Willard lórí. Bí ẹni yẹn bá ti gbé orúnkún nílẹ̀ ló tún ń kàn án. Ẹ̀ẹ̀méje ni Willard ṣubú ní ráúǹdì àkọ́kọ́. Lónìí, rẹfirí á kọ́kọ́ lé Dempsey lọ sí igun. Kí èèyàn wá fojú inú wo Tyson lábẹ́ òfin ti 1919.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ni àwọn èèyàn máa ń fà jù. Kílò 85 ni Dempsey nígbà tó na Willard, tó jẹ́ 111. Marciano náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju 85 lọ. Lóde òní, ìpele kan wà lábẹ́ ti àwọn tó wúwo jù, fún ẹni tí kò bá ju nǹkan bíi kílò 91 lọ. Ibẹ̀ ni wọn ìbá kó àwọn méjèèjì sí. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ṣẹ́ ọdún àìpẹ́ yìí jẹ́ òmìrán: Lennox Lewis ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 5, Anthony Joshua, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá, ga ní 6 àti íǹṣì 6, Tyson Fury ga ní 6 àti íǹṣì 9. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti máa ń sọ pé Ali kéré jù fún wọn. Oleksandr Usyk ló yẹ kí wọ́n bi. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3 ni Usyk, bí Ali gẹ́lẹ́. Kílò 101 ló wọ̀n nígbà tó bá Fury, tó fi nǹkan bíi kílò 17 jù ú lọ, jà ní Riyadh ní oṣù Karùn-ún 2024, ó sì borí. Ó ti na Joshua lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Ali jẹ́ kílò 98 nígbà tó bá George Foreman jà ní Kinshasa. Ti Marciano yàtọ̀, nítorí apá rẹ̀ kúrú púpọ̀, kò sì sí Usyk tí èèyàn lè fi gbè é lẹ́sẹ̀. Òun àti Lewis kò lè jọ rí ráúǹdì kẹfà.

Bí ìwọ̀n kò bá sì parí ẹjọ́, ọ̀nà ìjà kálukú ló kù. Àpẹẹrẹ tó dára jù ni ti àwọn ọdún 1971 sí 1974. Joe Frazier na Ali ní New York. George Foreman na Frazier ní Kingston, ó gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ráúǹdì méjì. Ken Norton fọ́ àgbọ̀n Ali, Foreman sì na Norton náà ní ráúǹdì méjì ní Caracas. Gbogbo ayé fi ìṣirò ṣe é pé Foreman yóò pa Ali ní Kinshasa. Ali gbé e sùn ní ráúǹdì kẹjọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Frazier kò mọ ọ̀nà mìíràn ju kó tẹrí ba kó máa wọlé lọ, ẹ̀ṣẹ́ Foreman tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè sì ń dúró dè é. Ali kò wọlé. Ó fẹ̀yìn ti okùn, ó fi apá bojú, ó jẹ́ kí Foreman na apá àti ìhà títí èémí fi tán nínú rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí tó ṣe é gbọ́ jù nípa ìgbà sí ìgbà ni Foreman yìí kan náà. Larry Holmes kò ṣe é gbára lé: ó na Ali ní 1980, Tyson sì nà án ní 1988, ṣùgbọ́n nínú ìjà méjèèjì arúgbó ni ẹni tí wọ́n nà. Ti Foreman, arúgbó ló borí. Ní oṣù Kọkànlá 1994, ó kojú Michael Moorer, ẹni ọdún 26, tó ti na Evander Holyfield lọ́dún yẹn kan náà. Ẹni ọdún 45 ni Foreman. Ṣòkòtò tó wọ̀ ní Kinshasa ló tún wọ̀, Angelo Dundee tó wà ní igun Ali lálẹ́ ọjọ́ náà ló sì wà ní igun tirẹ̀. Fún ráúǹdì mẹ́sàn-án, Moorer ń gún un lójú bó ṣe fẹ́, máàkì adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìkẹwàá, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan tí kò rìn jìnnà bọ́ sí àgbọ̀n Moorer, ó nà gbalaja. Foreman kúnlẹ̀ ní igun ó ń gbàdúrà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ, ìyára rẹ̀ ti lọ, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò lọ síbì kan. Ẹni tó bá ní àwọn ti ìgbà 1970 kò lè gbá àwọn ti ìgbà 1990 ṣubú ní láti kọ́kọ́ wá nǹkan sọ sí ìyẹn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, a lè padà sí Ali àti Tyson. Ká mú Ali ti 1966, nígbà tó fi ráúǹdì mẹ́ta tú Cleveland Williams palẹ̀; ká mú Tyson ti 1988, nígbà tó na Michael Spinks láàárín ìṣẹ́jú àáyá 91. Ẹ̀ṣẹ́ òsì tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ni ọ̀tá Ali láti ilẹ̀: òun ni Sonny Banks fi gbé e ṣubú ní 1962, òun ni Henry Cooper fi gbé e ṣubú ní 1963, òun náà ni Frazier lò ní 1971. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn kan náà ni Tyson mọ̀ lò jù. Nítorí náà, Ali á ṣubú, bóyá kí ráúǹdì kẹrin tó parí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé e ṣubú ló dìde. Rẹfirí kan kò ka mẹ́wàá lé e lórí rí. Tyson ní tirẹ̀ kì í fẹ́ ẹni gíga tó ní apá gígùn tó sì mọ bí a ṣe ń dì mọ́ni. James Smith àti Tony Tucker bá a dé ráúǹdì kejìlá ní 1987. Ní Tokyo ní 1990, Buster Douglas ṣubú ní ráúǹdì kẹjọ, ó dìde, ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ òsì gbọọrọ pa á lójú dé títí ó fi gbé e sùn ní ìkẹwàá. Apá Ali kò gùn tó ti Douglas, ṣùgbọ́n ó yára jù ú lọ jìnnà. Láàárín ráúǹdì kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni Ali á dá Tyson dúró.

Bó bá jẹ́ Ali ti 1971 ni wọ́n mú wá, èyí tó padà dé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àbọ̀ tí kò fi jà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jó bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, Tyson ni yóò borí.