Kí Mohel Tó Fọwọ́ Kan Ọmọ

Ẹ̀yin òbí tí ẹ fẹ́ kọ ọmọ yín nílà lọ́nà àwọn Júù, ìwé yìí kò ní kí ẹ má pa májẹ̀mú Ábúráhámù mọ́. Ohun kan ni a ń bẹ̀ yín sí: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu ẹnikẹ́ni kan ojú ọgbẹ́ ọmọ.

Ibi tí ewu wà

Bí mohel, olóòlà àwọn Júù, bá ti gé awọ adọ̀dọ́ tán, ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ọgbẹ́. Ẹnu lásán ni àwọn kan lára àwọn Haredi, ìyẹn àwọn Júù tí wọ́n di òfin ẹ̀sìn mú ṣinṣin, ṣì fi ń fà á. Metzitzah b'peh ni wọ́n ń pè é. Nítorí ìlera ọmọ gan-an ni Talmud, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Júù, ṣe pàṣẹ pé kí wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ náà, láyé ìgbà tí ẹnì kan kò tíì mọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí. Lónìí, a mọ̀ pé kòkòrò herpes wà lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Ó lè wà nínú itọ́ ẹni tí kò ní egbò kankan létè, tí kò sì mọ̀ pé òun ní in. Wáìnì tàbí oògùn ìfọnu kò lè pa á tán. Bí ó bá wọ ara ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á. Láàárín ọdún 2000 sí 2011 ní ìlú New York, àyẹ̀wò fi hàn pé ọmọ 11 kó herpes lẹ́yìn irú ìkọlà yìí. Méjì kú, ó sì kéré tán, ọpọlọ méjì mìíràn bàjẹ́.

Ẹ bá mohel sọ ọ́ ṣáájú

Ẹ pè é lórí fóònù kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹbí bá ti kún ilé, tí sandek, ẹni tí wọ́n yàn láti gbé ọmọ dání nígbà ìkọlà, ti gbé ọmọ lé itan, ojú kì í jẹ́ kí òbí lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ ní kí ó lo ọ̀pá gíláàsì oníhò tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀, tàbí góòsì. Èyí kì í ṣe àṣà tuntun: ní ọdún 1837 ni Rábì Moses Sofer ti gbà kí wọ́n lo kànìnkànìn dípò ẹnu ní Vienna. Ẹ béèrè bí ó ṣe ń pa kòkòrò ara ọ̀bẹ rẹ̀, àti bóyá ó ń wọ ìbọ̀wọ́.

Bí ọmọ bá ní ibà pọ́njú tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, òfin Júù fúnra rẹ̀ ní kí ẹ dúró.

Lẹ́yìn ìkọlà

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó pààrọ̀ nápí. Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ bá rí lójú ọgbẹ́ kì í ṣe àìsàn, ẹ má ha á kúrò. Èyí tí a ń bẹ̀rù ni ìléròrò kéékèèké tí omi wà nínú rẹ̀, lójú ara, ní ìdí tàbí ní itan. Bí ẹ bá rí i, tàbí tí ara ọmọ gbóná tó 38°C, tí kò mu ọmú, tàbí tí ó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá, ì báà jẹ́ òru. Bí ẹnu bá kan ọgbẹ́ náà, ẹ tètè sọ fún dókítà, kí ó lè ro herpes mọ́ ọn. Acyclovir tí wọ́n ń fà sí iṣan ni oògùn rẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ni ó ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ tó.